Ọkọ̀ Òfurufú àti Ọrọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀: Ìtàn Wíwá Ohun Àlùmọ́nì Láti Ojú Ọ̀run, àti Bí Ó Ti Kan Ilẹ̀ Ọ̀kun

Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti mọ irin í rọ ni ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ tí òun ń tẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ lásán. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ èyí dájú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bu ọlá fún Ògún, tí alágbẹ̀dẹ sì fi jẹ́ ẹni àpọ́nlé láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ti yí padà púpọ̀. Ojú àti ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi ń wá a. Lẹ́yìn náà ni a fi òòlù àti ìwé wá a. Nígbà tí ó sì di àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn ọ̀mọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí wá a láti inú ọkọ̀ tí ń fò lójú ọ̀run. Ìtàn ọ̀nà ìkẹyìn yìí ni kókó ọ̀rọ̀ tí ó wà níhìn-ín, pẹ̀lú ohun tí ó já mọ́ fún àwọn ará ilẹ̀ Ọ̀kun, pàápàá jù lọ àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Bùnú bí Odo-Ape, tí ọkọ̀ náà fò kọjá lórí oko wọn.

Ọ̀kun ni a ń pe àwọn Yorùbá tí ń gbé ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́bàá ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, nítorí pé “ọ̀kun” ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Àwọn ni Owé tí ó ni Kàbà, àti Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ogun Núpé dà wọ́n láàmú gidigidi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí di 1897 tí àwọn ọmọ-ogun Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà. Lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, inú Ẹkùn Kàbà ní ilẹ̀ Àríwá ni a kó wọn sí. Ní 1967 wọ́n bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara. Ní 1991 wọ́n sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kogí. Nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń gbé wọn ró, aṣọ híhun àwọn obìnrin Bùnú sì gba òkìkí títí dé òkèèrè. Orí òkúta àtijọ́ ni ilẹ̀ wọn jókòó lé, òkúta tí ó ti wà kí ẹranko kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbígbẹ, èyí tí iná inú ilẹ̀ ti yọ́, tí ó ti ká, tí ó sì ti tún le. Nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wúrà, tánganran, irin àti òkúta mábù máa ń gbé.

Nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Kí ni ó wà nínú ilẹ̀ yìí?” Ní 1903 wọ́n dá àyẹ̀wò ohun àlùmọ́nì sílẹ̀ fún Gúúsù Nàìjíríà, ní 1904 wọ́n sì dá ti Àríwá sílẹ̀. J. D. Falconer ni ó ṣe olórí ti Àríwá. Ẹsẹ̀ ni òun àti àwọn aláàárù rẹ̀ fi rin ilẹ̀ náà já, wọ́n ń kán òkúta, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀; ní 1911 ni ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ilẹ̀ àti òkúta Àríwá Nàìjíríà. Ní ìhà Gúúsù, ìrìn àwọn ènìyàn Albert Kitson ni ó fi èédú ilẹ̀ Ẹnúgu hàn ní 1909. Ní 1919 ni a dá ilé-iṣẹ́ Geological Survey of Nigeria sílẹ̀, Falconer sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1946, R. Jacobson àti J. S. Webb tẹ ìwé jáde lórí àwọn òkúta funfun oníhóró ńláńlá ti àárín gbùngbùn Nàìjíríà, irú òkúta tí a ti ń wa tánganran àti tántáláìtì ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn yóò bá àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ pàdé, wọn yóò sì fi ibi tí òkúta tí ó wúwo wà hàn án. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra, àti pé ohun tí erùpẹ̀ bá bò, ojú kò lè rí i.

Ohun tí ojú kò rí yìí ni ó mú kí àwọn ọ̀mọ̀ràn máa wá etí tí yóò gbọ́ ọ. Ní 1831, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Michael Faraday ṣàkíyèsí pé bí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́bàá wáyà bàbà, iná mànàmáná yóò bẹ̀rẹ̀ sí sáré nínú wáyà náà láìjẹ́ pé ohunkóhun fi ọwọ́ kàn án. Kì í ṣe wáyà nìkan ni èyí lè ṣẹlẹ̀ sí. Ohunkóhun tí iná mànàmáná lè gbà kọjá, ìbáà jẹ́ òkúta bàbà tí ó sùn sí abẹ́ ilẹ̀, yóò ṣe bákan náà. Bí iná yìí bá sì ti ń sáré nínú òkúta náà, òun pẹ̀lú yóò bí agbára òòfà tirẹ̀, tí yóò jáde sókè bí gbohùngbohùn. Ẹni tí ó bá ní ohun èlò tí ó lè gbọ́ gbohùngbohùn yìí ni yóò mọ̀ pé nǹkan wà nísàlẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó kọ́kọ́ gbé irú ohun èlò báyìí gun ọkọ̀ òfurufú. Victor Vacquier, ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tí ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ ayé. A fi í sínú ọkọ̀ òfurufú láti wá ọkọ̀ ogun tí ń rìn lábẹ́ omi, nítorí pé irin ara rẹ̀ máa ń dojú òòfà ilẹ̀ rú díẹ̀. Ní 1944, kí ogun tó parí, àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ kan náà wo òkúta irin láti òkè. Ṣùgbọ́n etí lásán ni ẹ̀rọ yìí; kò lè gbọ́ ju ohun tí ó bá ní òòfà nínú. Bàbà kò ní in, síǹkì kò ní in, fàdákà kò sì ní in. Láti bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, ọkọ̀ òfurufú ní láti kọ́kọ́ pè wọ́n, kí ó tó gbọ́ ìdáhùn wọn.

Ilẹ̀ Kánádà ni a ti kọ́ ọkọ̀ ní ìpè yìí. Ní 1948 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fò níbẹ̀ pẹ̀lú àṣeyọrí. Wọ́n ká wáyà ńlá mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n sì ń rán iná mànàmáná tí ń yí padà gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí ni ìpè. Wáyà kékeré mìíràn ni ó ń gbọ́ ìdáhùn. Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé kò kéré, nítorí pé ìpè náà ń dún kíkankíkan lẹ́bàá etí tí ń gbọ́, ìdáhùn sì fẹ́lẹ́ púpọ̀púpọ̀. Ó dàbí ẹni tí ń lu agogo lójú méjèèjì tí ó sì ń fẹ́ gbọ́ ohùn kòkòrò. Síbẹ̀ wọn kò dẹ́kun. Ní nǹkan bí 1954, a rí òkúta òjé, síǹkì àti bàbà ní Heath Steele ní New Brunswick, èyí tí a kà sí èrè ńlá àkọ́kọ́ tí ọ̀nà yìí mú wá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni Anthony Barringer wá ọgbọ́n tí ó yanjú ìṣòro náà. Ó ní kí a pe ilẹ̀, kí a sì dákẹ́ lójijì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn, tí kò tó ìpajú kan, ìpè ti parí, ṣùgbọ́n iná inú òkúta kò tíì kú tán. Ìdáhùn nìkan ni ó kù láti gbọ́. Òkúta tí iná ń gbà kọjá dáadáa ni ìdáhùn rẹ̀ ń pẹ́. Èyí tí kò gba iná ń dákẹ́ kíákíá. Lórí ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ náà títí di òní dúró lé.

Ní Kánádà kan náà ni ìtàn kan ti ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ni ilẹ̀ mọ̀. Láti 1959 ni ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Texas Gulf Sulphur, ti ń fi ọkọ̀ òfurufú pe ilẹ̀ ní Oǹtáríò. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí ó dáhùn ni ibì kan wà lẹ́bàá ìlú Timmins. Ní oṣù November 1963, wọ́n lu ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì bá bàbà, síǹkì àti fàdákà tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n pa ẹnu mọ́. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì ń ra ilẹ̀ àyíká náà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀, nígbà tí àwọn kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ń ra ìpín ìdókòwò rẹ̀ kí iye rẹ̀ tó gbówó lórí. Ní April 1964 ni wọ́n tó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìjọba Amẹ́ríkà pe àwọn tí ó ra ìpín náà lẹ́jọ́; ní 1968, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé ẹni tí ó bá mọ àṣírí irú èyí ní láti sọ ọ́ síta, tàbí kí ó má ṣe fi ṣòwò. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin: bí a bá ti lè mọ inú ilẹ̀ láti ojú ọ̀run, ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀ náà lè di ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn ilé rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní Nàìjíríà, ìwá irin ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Ọ̀kun. Ní àárín àwọn ọdún 1950, H. A. Jones ti ilé-iṣẹ́ Geological Survey yẹ òkè Agbaja wò, lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, ó sì kọ̀wé lórí òkúta irin oníhóró wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ níbẹ̀. Irin náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù, èyí a sì máa mú kí irin ṣẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó tẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ irin láti Rọ́ṣíà dé ní 1967, wọ́n ní kí a tún wá èyí tí ó sàn ju àwọn tí a ti mọ̀ lọ. Ní 1971 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ tí yóò bójú tó ọ̀rọ̀ irin sílẹ̀, ní 1973 a sì fi irin Itakpe hàn, èyí tí irin gidi inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú òkúta kan tí òòfà pọ̀ nínú rẹ̀ wà lára irin Itakpe, irú rẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rọ tí ń wọn òòfà láti òkè máa ń gbọ́ ní kedere.

Ní àwọn ọdún 1970 náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí wọn òòfà ilẹ̀ Nàìjíríà láti inú ọkọ̀ òfurufú ní ìpele-ìpele. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí àgbẹ̀ tí ń kọ poro. Kìlómítà méjì ni ó wà láàárín poro kan àti èkejì. Àwọn àwòrán ilẹ̀ tí ó ti inú rẹ̀ jáde wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kéré ju àlàfo náà lè sá pamọ́ sí àárín poro méjì. Nítorí náà ni a fi tún un ṣe láàárín 2003 àti 2009. Ilé-iṣẹ́ Fugro ni ó fò ó fún ìjọba. Owó ìjọba ni a fi ṣe apá kìíní, Báńkì Àgbáyé sì ṣe ìrànlọ́wọ́ fún apá kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, mítà 500 péré ni àlàfo poro, ọkọ̀ sì ń fò ní nǹkan bí mítà 80 sí ilẹ̀. Gígùn poro apá kìíní nìkan tó kìlómítà 826,000. Òòfà ni a wọ̀n, pẹ̀lú ìtànṣán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń jáde láti ara òkúta tí ó ní pọ̀tásíọ̀mù, yùréníọ̀mù tàbí tóríọ̀mù nínú. Ní àwọn ibi tí a yàn, ọkọ̀ tún pe ilẹ̀ ní ọ̀nà tí Barringer fi kọ́ni. Èyí tó kìlómítà 24,000. Kí iṣẹ́ náà tó parí, òfin kan ti sọ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà di Nigerian Geological Survey Agency ní 2006, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn àwòrán wọ̀nyí wà.

Ó yẹ kí a dúró níhìn-ín kí a bèèrè ohun tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ bí ó bá pe ilẹ̀ Ọ̀kun. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wúrà tí ó wà ní agbègbè Ìsánlú, inú òkúta funfun líle ni ó máa ń wà, ní wẹ́wẹ́ bí eruku. Òkúta yìí kò gba iná, wúrà inú rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti dáhùn ìpè. Tántáláìtì Ẹ̀gbẹ̀ kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀ náà, nítorí pé òkúta tí ó gbé e kò gba iná. Òkúta mábù Jákúrà àti Ọbájánà kò yàtọ̀. Ní ìdà kejì, ohun tí kò níye lórí lè dáhùn kíkankíkan. Amọ̀ tí omi rin gba iná. Gíráfáìtì, ohun dúdú tí a fi ń ṣe inú lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, gba iná ju ọ̀pọ̀ òkúta bàbà lọ. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, tí òjò àti oòrùn ti sọ orí òkúta di amọ̀ sísanra, ìdáhùn amọ̀ yìí lè bo ohùn ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èyí kò sọ pé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kò níláárí. Wúrà máa ń tẹ̀ lé ojú ibi tí òkúta ti ya nígbà àtijọ́, irú ìyá bẹ́ẹ̀ sì ń hàn nínú àwòrán òòfà, ó sì lè hàn nínú ti iná mànàmáná bí omi tàbí amọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó lè ṣe àǹfààní fún ìlú bí Odo-Ape ju wúrà lọ: ojú ìyá òkúta kan náà ni omi ń gbé pamọ́ sí. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ òkúta líle, ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga láìmọ ibi tí òkúta ti ya lè gbẹ́ títí kí ó má kan omi. Nípa bẹ́ẹ̀, àwòrán tí a yà fún awakùsà lè ràn ẹni tí ń gbẹ́ kànga lọ́wọ́, bí a bá fi hàn án. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í rí nǹkan. Ó ń tọ́ka ni. Lẹ́yìn tí ó bá tọ́ka, ẹsẹ̀ ní láti tẹ̀ lé e, òòlù ní láti kán òkúta, a sì ní láti lu ilẹ̀ kí a tó mọ òótọ́. Ní Timmins pàápàá, ó lé ní ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fò títí di ìgbà tí wọ́n lu ilẹ̀. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé bá gun orí ìrókò, kò lè rí i: àgbẹ̀ tí ó mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti pupa, tí ó mọ odò tí iyanrìn rẹ̀ ń dán, àti ibi tí koríko kì í hù, mọ ohun tí àwòrán ojú ọ̀run kò mọ̀.

Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ti ẹni tí ó ni ohun tí a bá rí. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1946 sọ gbogbo ohun àlùmọ́nì di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ohun ìní náà kò padà sí ọwọ́ onílẹ̀; ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó bọ́ sí, òfin ìwakùsà ti 2007 sì tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ Odo-Ape lè ni iṣu tí ó gbìn, ṣùgbọ́n kò ni òkúta tí iṣu náà ta lé lórí. Síbẹ̀, òfin 2007 kan náà kò fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó pa á láṣẹ pé kí awakùsà san owó ohun ọ̀gbìn tí ó bá bàjẹ́, kí ó sì bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn lórí ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí wa kùsà: lórí ẹ̀kọ́, ìlera, ọ̀nà, omi àti iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú.

Níhìn-ín ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti di ọ̀rọ̀ ìlú. Àdéhùn kì í dọ́gba láàárín ẹni tí ó ti wo inú ilé àti ẹni tí ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Awakùsà yóò mú àwòrán lọ́wọ́ dé ìdí àdéhùn náà. Ó mọ ibi tí ìdáhùn ti le àti ibi tí ó ti fẹ́lẹ́. Bí àwọn àgbà ìlú kò bá ní ẹni tí ó lè ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá fún wọn ni wọn yóò gbà. Bákan náà ni àìmọ̀ yìí lè ṣe ibi ní ọ̀nà mìíràn: ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọkọ̀ fò lórí oko baba òun lè gbà pé wúrà ni a rí níbẹ̀, kí ó fi iṣẹ́ oko sílẹ̀, tàbí kí ó fi owó rẹ̀ lé ẹlẹ́tàn lọ́wọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà fò kọjá, olówó àti tálákà, olókùúta àti oníyanrìn.

Falconer fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí ó bá lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ òfurufú kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kù sọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Ọ̀kun tí wọ́n ti kọ́ ìmọ̀ òkúta láti mú ohun tí ọkọ̀ náà gbọ́ padà wá sí ilé, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí baálé àti ìyálé lè gbọ́, kí ìlú tó jókòó ti awakùsà. Yorùbá ní ẹni tí ó bá mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn ná ọjà náà, ó yẹ kí òun pẹ̀lú mọ iyì rẹ̀.